Ohùn Tó Wà ní Etí Téèpù

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún Ìyá Téèpù pé kó kan tan ẹ̀rọ, kó fi í sílẹ̀ kó máa dá ṣiṣẹ́ lọ. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ kẹ́yìn, odidi ọ̀sẹ̀ kan ló sì fi gbọ́ èsì ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe ò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn téèpù fídíò àtijọ́, àwọn dúdú onígun mẹ́rin tó ti ń gba eruku lókè kọ́bọ́ọ̀dù láti ogún ọdún, ni àwọn èèyàn ń kó wá fún un. Òun á sì kó àwòrán àti ohùn inú wọn sórí àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi jígí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sídíì. Bí téèpù bá gùn tó wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta gbáko ni Ìyá Téèpù máa jókòó tì í. Kì í mú un sáré, kì í sì í fò ó. Ó ti wo ìgbéyàwó àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó ti wo ọjọ́ ìbí ọmọ ọwọ́ tó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Ó ti wo ọ̀gá iṣẹ́ kan tó ń dágbére fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan àbọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ títí ó fi jókòó. Ìyá Téèpù nìkan ló gbọ́ ọ dópin, ó sì ní ọ̀rọ̀ gidi wà níbi tó parí sí.

Ìdí tó fi ń jókòó tì í ni pé ẹ̀rọ ò lójú, ẹ̀rọ ò sì láàánú. Bí téèpù bá há sí i lẹ́nu, ńṣe ló máa jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. Kí ẹni tó lọ po tíì tó padà dé, ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ ti di pàǹtí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí Ìyá Téèpù ti ń ṣe é, téèpù kan ṣoṣo ò tíì kú sí i lọ́wọ́. Ó máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń tún un sọ. Bí ẹnì kan bá ní ìgbéraga nìyẹn, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéraga ni, ẹni tó bá ní ohun tó lè fi gbéraga kó gbé tirẹ̀ náà wá ká wò ó.

Ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ jù ni etí, kì í sì í ṣe ilé ìwé ló ti rí i. Kó tó di Ìyá Téèpù, ó lo ọdún méjìlélógún ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, nídìí pátákó ńlá tí wọ́n ti ń fi okùn so ìpè ẹnì kan mọ́ ti ẹnì kejì. Àwọn ìlà ìgbà yẹn burú. Bí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá ń sọ̀rọ̀, á dà bíi pé wọ́n fi ìrọ̀rí bò ó lẹ́nu, tí òjò tún ń rọ̀ lórí ìrọ̀rí ọ̀hún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kí onítọ̀hún tún un sọ, kó tún un sọ, títí inú á fi bí i. Òun kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti gbọ́ bí ohùn ṣe gòkè àti bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó ti mọ ohun tí ẹnu ń wí. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ilé-iṣẹ́ ò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ bá a lọ sílé.

Yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ fídíò mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ti àárín ló sì fẹ́ràn jù, nítorí pé gbogbo ìdè ara rẹ̀ ló ṣeé yí. Kọ̀ǹpútà wà lápá ọ̀tún, tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá wà lápá òsì, agolo òwú àti ìgò sípíríìtì sì wà láàárín wọn. Fáànù ò gbọdọ̀ kọjú sí tábìlì nítorí eruku, torí náà àlejò ló ń gba atẹ́gùn, onílé ló ń làágùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bàtà ńlá tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ lára, ó sì wọlé pẹ̀lú nǹkan kan tó fi aṣọ ìnura wé, tó gbá mọ́ àyà. Á tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Èjìká rẹ̀ gbòòrò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi pákó. Ọkùnrin onígíláàsì kan tẹ̀ lé e, ó fi àpò ìwé kọ́ èjìká, ẹfun ìkọ̀wé sì wà lára apá ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá Téèpù ò tíì bi wọ́n ní iṣẹ́ wọn tó ti mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà nìyí, Tíṣà nìyẹn. Bó ṣe ń pè wọ́n lọ́kàn nìyẹn títí iṣẹ́ fi parí.

“Ẹ káàárọ̀, Mà,” ni Bíríkìlà wí. Ó tú aṣọ ìnura náà, téèpù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. “Bàbá mi ló wà nínú eléyìí. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ògiri. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí lọ́jọ́ tí a gbà á sílẹ̀. Ògiri àkọ́kọ́ tí mo dá mọ láti ìpìlẹ̀ dókè ni, ẹnikẹ́ni ò bá mi fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan. Bàbá mi wá wò ó. Ó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó sọ ọ̀rọ̀ méjì fún bíríkìlà kejì tó dúró tì í, ó sì bá tiẹ̀ lọ.”

“Ọ̀rọ̀ méjì wo?”

“Ohun tó gbé mi wá nìyẹn, Mà.”

“‘Ó tó’ ló sọ,” ni ọkùnrin náà dá sí i. Àbúrò rẹ̀ ni. “Èmi ni mo gba fídíò náà. Mo wà níbẹ̀.”

“Níbo lo wà? Orí ìtòjọ búlọ́ọ̀kù lo gbé kámẹ́rà sí, ìwọ lọ mu omi.”

“Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń mu omi, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ń hó láàárín ìwọ àti Bàbá, o ní o gbọ́ ọ.” Ó yíjú sí Ìyá Téèpù. “Èmi rò pé ‘Ó tọ́’ ló sọ.”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yà ò ju kí ènìyàn la ẹnu díẹ̀ sí i. Ohùn òkè ló wà lórí èkíní, òkè náà ló wà lórí èkejì. Bí ògiri bá tọ́, ìyìn ni, kò sí ìyìn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń mọ ògiri. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó tó ni, ó lè jẹ́ pé bàbá ń wí pé eré ọmọdé ti tó, kí ọmọbìnrin yìí gbé irin iṣẹ́ kalẹ̀. Àmì tíntìntín tó wà nísàlẹ̀ ọ ló ya àpọ́nlé sọ́tọ̀ sí ìlélọ, ta ló sì ń ráyè gbọ́ àmì ìsàlẹ̀ nígbà tí kọnkéré ń yí nínú irin?

“Ṣé ẹ ò bi bàbá yín ni?”

“Lọ́jọ́ kejì,” ni Bíríkìlà wí, “ó ní kí n di ẹrù mi, kí n lọ bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn. Kò sọ ìdí. Èmi náà ò bi í.”

Irú wọn pọ̀ láyé. Bàbá kì í sọ̀rọ̀, ọmọ kì í béèrè, agídí kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, oníkálukú wá ń dúró de ẹnì kejì fún ọdún mẹ́tàlélógún. Bí bàbá bá wá wo ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri lára, á béèrè bóyá omi wà nítòsí, á padà sílé. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí bàbá ti papòdà. Nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ náà ti di àwàdà. Bí Bíríkìlà bá ń bu omi sí ife, Tíṣà á ní, “Bàbá ní ó tó o,” gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rín in, á sì máa dùn ún wọ egungun.

“Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti kọ́,” ni Bíríkìlà wí, “pẹ̀lú ilé ìwé méjì àti ilé ìwòsàn kan. Mo ní àwọn ọkùnrin mọ́kànlá lábẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá mọ ògiri tán, mo máa ń dúró wò ó, mo sì máa ń bi ara mi pé èwo gan-an ló sọ. Ó ti sú mi, Mà. Bó bá jẹ́ pé ó lé mi ni, kí n kúkú mọ̀ pé ó lé mi.”

Ìyá Téèpù gba téèpù náà, ó ṣí ìbòrí rẹ̀ sókè, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ta ló ń dá a padà síbì kan náà ṣáá?”

Tíṣà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wo àbúrò.

“Ìgbàkígbà tí iyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀, a máa ń dá a padà síbẹ̀, ká tún un gbọ́,” ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ ti kéré.

“Ọdún mélòó?”

“Gbogbo ọdún náà ni, Mà.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti jẹ ẹ́ tán.” Ó pè wọ́n sún mọ́ fèrèsé, ó fi ìka hàn wọ́n. Níbi kan báyìí, etí téèpù náà ti ṣẹ́ wínniwínni bí etí aṣọ tí wọ́n fà ya. “Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú téèpù, etí lọ̀rọ̀ wà. Àárín téèpù yìí ni wọ́n kọ àwòrán sí. Ohùn ò láyè nínú ibẹ̀, etí téèpù, òkè pátápátá, ni wọ́n sún un sí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ yín ń gé jẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dá a dúró tí ẹ tún dá a padà. Ẹ ń wá ohùn bàbá yín, ẹ̀yin kan náà lẹ sì ń pa á.”

Inú Ìyá Téèpù rọ̀ díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìbínú rẹ̀ ni kì í pẹ́ kó tó dé. “Ẹ máa lọ,” ló wí. “Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè mí kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.”

Lọ́jọ́ kejì, ó tú ilé téèpù náà, ó yọ kẹ̀kẹ́ méjèèjì inú rẹ̀ sínú ilé mìíràn tó mọ́, ó fi òwú nù ún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ àárín, ohun tó ń rò náà ló rí. Kámẹ́rà tí wọ́n yá lọ́jọ́ náà, ó ní láti jẹ́ pé ó ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Orí tó ń kọ ohùn nínú rẹ̀ ti ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà, kò sí ẹ̀rọ tí orí tirẹ̀ dúró déédéé tó lè gbọ́ ọ dáadáa. Àfi kí Ìyá Téèpù mú ẹ̀rọ tirẹ̀ náà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ bákan náà. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó mú irin kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdè kan tí kò ju orí ìṣáná lọ.

Báwo wá ni yóò ṣe mọ̀ nígbà tó bá bá a mu? Ẹ wo ọgbọ́n obìnrin yìí. Níbẹ̀rẹ̀ gbogbo fídíò ilé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ béèrè pé, “Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?” Bó ṣe rí lágbàáyé nìyẹn. Nínú téèpù tiwọn, ìyá wọn ló béèrè, ohùn ọmọkùnrin kan sì dá a lóhùn pé, “Ẹ sún sẹ́yìn.” Bí ohùn bá dì, “ṣé” àti “sún” á jọra, gbogbo rẹ̀ á máa ṣe fíì-fíì. Ìyá Téèpù yí ìdè náà, ó gbọ́. Ó tún un yí, ó gbọ́. Gbogbo Ọjọ́rú ló fi ṣe é, ohun méjì ni ó ń wá, kí ṣ jẹ́ ṣ, kí s jẹ́ s. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn kúrò lójú fèrèsé nígbà tí ìyá náà béèrè ìbéèrè rẹ̀ kedere, bí ẹni tó dúró sínú yàrá. Ìyá Téèpù dá a lóhùn pé, “Ó ti ń ṣiṣẹ́, Mà.”

Ó wá jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá ò wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, ọkùnrin náà ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Téèpù nílò wà níbẹ̀. Níbì kan, ẹnì kan ń da omi sórí yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ó tó,” omi sì dúró. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Níbòmíràn, ó ta okùn ìwọ̀n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn, ó di ojú kan, ó ní, “Ó tọ́.” Ìyẹn náà ò ní iyàn. Ẹlẹ́rìí méjì dé nìyẹn. Ìyá Téèpù gé méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, ó gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí sáàárín wọn, ó ń gbọ́ wọn tẹ̀ léra: ti omi, ti ògiri, ti férémù.

Ó ń gbọ́ ọ títí ọkọ rẹ̀ fi wọlé, tó rí i pé ó káwọ́ lérí.

“Kí ló dé?”

“Ó tó.”

“Kí ló tó?”

“Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ ni. ‘Ó tó’ ni. Ti omi ló bá mu, kò bá ti férémù mu rárá.”

Ọkọ rẹ̀ jókòó. Ó ti gbọ́ ìtàn náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé kò sí ohun tó ń wọ etí ìyàwó rẹ̀ tí kì í dé etí tirẹ̀. “Ṣé ìyẹn ló mú ọ káwọ́ lérí? Sọ fún ọmọbìnrin náà pé ‘Ó tọ́’ ni. Bàbá ti lọ. Inú rẹ̀ á dùn. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi.”

Ọkọ rẹ̀ wò ó díẹ̀. Ó mọ ẹni tó fẹ́. Ó dìde, ó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Kò rọrùn fún Ìyá Téèpù o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ó ti fẹ́ràn obìnrin yẹn, ó fẹ́ràn bó ṣe bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìsí ẹni tó sọ fún un. Ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, ó tún padà. Ó fi ohun ìgbọ́hùn dé etí, ó gbọ́ “Ó tó” ti omi, ó gbọ́ “Ó tó” ti ògiri. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò bá ara wọn mu, kì í sì í ṣe fáwẹ̀lì. “Ó tó” ti omi parí. Bàbá sọ ọ́, ó pa ẹnu dé. Ti ògiri ò parí. Ohùn rẹ̀ ṣì dúró lókè, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ sókè tí kò tíì rí ibi tó máa gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo ṣàà, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ibi tí etí téèpù ti ṣẹ́. Kí ariwo náà tó lọ sílẹ̀, bàbá ti rìn kúrò.

Ọdún méjìlélógún nídìí tẹlifóònù. Ìyá Téèpù mọ̀ bí ìlà bá já sí ẹnì kan lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bíríkìlà àti Tíṣà dé kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àyínìke. “Ọmọ mi, ‘Ó tó’ ni. Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ, mo sì fi wé ohun méjì tí ò ní iyàn. N kò ní purọ́ fún ọ.”

Tíṣà ò yọ̀. Ó yẹ kí ó yọ̀, òun ló jàre iyàn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó kàn ń wo ilẹ̀. Bíríkìlà jókòó ganran, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún.

“Ó dáa,” ló wí. “Mo dúpẹ́, Mà.”

“Má tíì dúpẹ́. Bàbá rẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.” Ó ṣàlàyé ohun tó gbọ́ fún wọn, àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Mo lè tẹ́ ibi tó ṣẹ́ yẹn, kí ó tún tọ́, kí ẹ̀rọ lè gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó sì lè já. Bó bá já, ‘Ó tó’ tí o ní náà á bá a lọ lórí téèpù, àfi èyí tó ti wà lórí àwo. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tó burú ju ‘Ó tó’ lọ ló wà níbẹ̀. N ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ló ni bàbá, ìwọ ni kó o sọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Tíṣà wí.

“Ẹ tẹ́ ẹ, Mà,” ni Bíríkìlà wí.

Ìyá Téèpù pa fáànù. Ó tẹ́ ìwé funfun sórí tábìlì, ó fa téèpù náà jáde, ó gbé ibi tó ṣẹ́ lé orí ìwé, ó fi ìwé mìíràn bò ó. Ẹ̀yìn ṣíbí ló mú. Ó ń fi í tẹ̀ ẹ́, ó ń fà á díẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ ẹ́. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, Tíṣà sì fi aṣọ ìnura gbé e kúrò kí ó tó bọ́ sórí téèpù.

“Ṣé kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mà?” ló béèrè.

“Tíṣà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa àmúkùrù tó bá bà síbi tí èmi ò lè dárúkọ níwájú yín. Tètè padà síbi tí o dúró sí.”

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Téèpù padà sídìí ṣíbí rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ, ó sì mọ̀ pé bóun bá ba eléyìí jẹ́, ọdún mọ́kàndínlógún òun lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó ká téèpù padà. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ó tẹ ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó wá tẹ ẹ̀rọ.

Àwòrán jáde. Ògiri tuntun dúró nínú oòrùn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀, sìmẹ́ǹtì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgunpá, kò mọ ibi tó yẹ kó kó ọwọ́ ọ̀hún sí. Ọkùnrin kan wọlé láti apá òsì pẹ̀lú ọkùnrin kejì. Ó wo ògiri náà sókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àwòrán gbọ̀n, ó fẹ́ lọ, kò lọ. Ohùn náà dé, ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n kedere ni:

“Ó tó mi. N ò tún ní nǹkan tí n ó kọ́ ọ mọ́. Kó lọ wo ọwọ́ ẹlòmíì.”

Ó sì rìn lọ.

Ògiri ni gbogbo wọn ti rò pé bàbá ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ rò ó wò, “ó” là ń pe ògiri, “ó” là ń pe ewúrẹ́, “ó” náà la sì ń pe ọmọ ẹni. Bàbá ò sọ̀rọ̀ ògiri rárá. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ tún un ṣe, Mà,” ni Bíríkìlà wí.

“Láti inú kọ̀ǹpútà. Téèpù ti ṣe tirẹ̀ tán.” Ìyá Téèpù yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ, odidi ni, kò já. Ó tẹ kọ̀ǹpútà. “Gbọ́ ọ bó ṣe wù ọ́. Èyí ò lè ṣẹ́ mọ́.”

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. “Kò lé mi,” ló wí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. “Ó ní mo tó òun. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ó ní mo tó òun.” Orí rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jókòó mọ́. Ó dìde dúró láàárín yàrá, àfi bíi pé ìgbà yẹn ni èjìká rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòòrò.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Tíṣà wí, ó ti bọ́ gíláàsì rẹ̀ sọ́wọ́, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Gbogbo àwàdà yẹn.”

“Ohun tí o gbọ́ ni o sọ.”

“Òótọ́ ló gbọ́,” ni Ìyá Téèpù wí. “‘Ó tó’ ló gbọ́, ‘Ó tó’ náà ni. ‘Mi’ lẹ fi iyàn jẹ tán.” Ó kó ohùn náà sórí àwo, ó fi í sínú àpò rẹ̀, ó sì gbé e fún Bíríkìlà. Kò gbìyànjú láti fi ìdùnnú tirẹ̀ pamọ́. Inú rẹ̀ dùn gidi gan-an, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn nínú gbogbo ìgboro tó lè ṣe ohun tí òun ṣe yìí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìtijú. Wọ́n gbà fún un.

Bíríkìlà lọ sẹ́nu ọ̀nà láti wọ bàtà rẹ̀. Ó ti wọ ẹsẹ̀ kan nígbà tó dúró. Ó sún sẹ́yìn, ó di ojú kan, ó ń wo ògiri ṣọ́ọ̀bù láti igun dé igun.

“Mà, ta ló mọ ògiri yìí fún yín?”

“Ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.”

“Ó wọ́.”

“A mọ̀. Ó ti ń wọ́ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, kò sì tíì wó.”

“Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá tún un mọ.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, Mà,” ni Bíríkìlà wí, ó ń so okùn bàtà kejì. “Ẹni tó tó bàbá mi ò lè rí irú ògiri yìí, kó sì kọjá lọ.”